Owó Ọkọ̀ Di Owó Ọkọ

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ yìí, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ràn láti máa sọ nígbàkúùgbà tí a bá péjọ, tí ó sì ti ń sú mi láti gbọ́. A máa ń ní àwọn òyìnbó tí ó ṣe kọ̀ǹpútà kò ka èdè Yorùbá kún. A ní wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń jẹ àmì orí ọ̀rọ̀ wa, wọ́n sì ń fi àpótí òfìfo rọ́pò lẹ́tà wa. Bí ẹnì kan bá ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, a ó pàtẹ́wọ́ fún un, a ó mu ẹlẹ́rìndòdò, a ó sì túká. Èmi kò sọ pé ẹ̀sùn náà kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n mo ti bá díẹ̀ nínú àwọn tí a ń fi sùn náà ṣiṣẹ́ pọ̀ láti inú yàrá mi ní Kétu, ohun tí ojú mi sì rí yàtọ̀ sí ohun tí a ń pàtẹ́wọ́ fún. Ẹ fi sùúrù gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ là á yé àwọn tí iṣẹ́ wọn kò kan kọ̀ǹpútà. Ètò kọ̀ǹpútà kan wà tí ẹni tí ó ṣe é kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí inú rẹ̀. Òmíràn wà tí ẹni tí ó ṣe é tẹ́ kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ gbangba, tí ó sì fi ìwé àṣẹ tì í pé kí ẹni tí ó bá fẹ́ kà á, kí ó lò ó, kí ó tún un ṣe, kí ó sì fún ẹlòmíràn. Irú kejì yìí ni wọ́n ń pè ní open source. Láti ọdún 1983 ni Richard Stallman ti kéde iṣẹ́ GNU ní Amẹ́ríkà. Ní 1991, Linus Torvalds, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí tiwa ní Helsinki, gbé Linux jáde, òun náà sì ni ó wà nínú gbogbo fóònù Android tí ó wà lápò yín báyìí. Nínú ọjà ńlá yìí ni láíbìrì wà. Láíbìrì tí mo ń wí kì í ṣe ilé ìkàwé. Àkójọ kóòdù ni, tí ẹnì kan ti kọ fún iṣẹ́ kan, kí àwọn tí ń kọ ètò mìíràn lè yá a lò, kí wọ́n má baà tún máa gbẹ́ kànga tí omi ti wà nínú rẹ̀.

Ohun tí ó gbé mi dé ìdí irú kànga bẹ́ẹ̀ nìyí. Àbúrò ìyá mi, tí mo ń pè ní Àǹtí, ń ta ata àti tòmátì ní ọjà Mile 12. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọjà náà mọ̀ pé kì í ṣe ibi tí a ti ń falẹ̀: tírélà yóò ti Òkè Ọya dé, àwọn aláròóbọ̀ yóò ti kún ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, nítorí tòmátì kò ní sùúrù fún ẹnikẹ́ni. Àǹtí ń tajà láwìn fún àwọn oníbàárà tí ó mọ̀, ó ń san owó ọkọ̀, ó ń san owó alábàárù, ìwé tí ó sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sí ti gba omi tòmátì débi pé òun nìkan ni ó lè kà á. Nítorí náà mo kọ ètò kékeré kan fún un ní èdè Python, tí ó ń tẹ ìṣirò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́. Yorùbá ni ó ní kí n fi kọ ọ́, kí n sì fi àmì sí i pátápátá, nítorí olùkọ́ tí ó kọ́ ọ ní ìwé máa ń na ẹni tí ó bá gbàgbé àmì. Mo yá láíbìrì kan tí ó máa ń to ọ̀rọ̀ àti owó sí òpó-òpó kí wọ́n lè gún régé. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ kò ṣẹ̀ mí.

Ní ọjọ́ kejì tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ni ó pè mí.

“Ìwọ ọmọ yìí, kí ni o kọ síbí yìí? Owó ọkọ, náírà 18,000. Ọkọ ta ni mo gbé owó fún?”

Mo ní, “Àǹtí, owó ọkọ̀ ni, owó mọ́tò.”

“Èmi mọ̀ pé owó mọ́tò ni. Ìwé tìrẹ kò mọ̀. Ṣé o fẹ́ kí ọkọ mi rí i kí ó wá bi mí pé ọkọ wo ni mo ń bọ́ lẹ́yìn òun ni?”

Mo gba bébà náà. Òótọ́ ni: àmì orí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ti fò lọ. Kò tán síbẹ̀. Àǹtí máa ń fi àdúgbò dárúkọ àwọn oníbàárà rẹ̀, bí àwọn ọlọ́jà ti máa ń ṣe: Ìyá Kétu, Ìyá Ìkòsì, Ìyá Kòsọ́fẹ́. Gbèsè Ìyá Kétu àti ti Ìyá Ìkòsì dúró ní òpó wọn bí ọmọ ogun. Ṣùgbọ́n ti Ìyá Kòsọ́fẹ́ ti sún sí apá òsì ní àyè méjì, bí ẹni tí ilẹ̀ ń yọ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Èyí ni ó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ kórìíra Yorùbá ni, kí ni ó dé tí ó fi bọ̀wọ̀ fún Ìkòsì tí ó sì já Kòsọ́fẹ́ kulẹ̀, nígbà tí kò ju ìrìn díẹ̀ lọ láti ọ̀kan dé èkejì?

Ẹ bá mi ka lẹ́tà Kòsọ́fẹ́ lórí ìka yín. Mẹ́fà ni. Bí ẹ bá bi Python léèrè, yóò ní mẹ́jọ ni. Bí a bá bi í léèrè iye lẹ́tà Ìkòsì, yóò ní márùn-ún, bí àwa náà ti kà á. Ìdí rẹ̀ rèé. Nínú Unicode, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ tí ó fún gbogbo lẹ́tà ayé ní nọ́ńbà, ì àti ò ti ní àga tiwọn, nítorí pé àwọn èdè kan ní Yúróòpù ń lò wọ́n. Ẹ àti ọ alámì-ìsàlẹ̀ náà ní àga. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Yorùbá ni ó mú wọn dé ibi tí wọ́n jókòó sí, àárín àwọn lẹ́tà Vietnam ni wọ́n wà. Bẹ́ẹ̀ ni o. Àmì ìsàlẹ̀ tí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lò, tí ìpàdé ọdún 1875 ní Èkó jókòó lé lórí, ará Vietnam ni ó bá wa gba àga fún un nínú kọ̀ǹpútà! Ṣùgbọ́n ọ́, tí ó ní àmì lókè tí ó sì ní àmì nísàlẹ̀, kò ní àga kankan. Ọ yóò jókòó sí àga kan, àmì ohùn yóò jókòó sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn kan ti béèrè pé kí a fún un ní àga tirẹ̀. Àwọn tí ń ṣàkóso Unicode kò gbà, nítorí pé a ti lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá sì dá àga tuntun, ọ̀rọ̀ kan náà yóò di ojú méjì nínú gbogbo ìwé tí a ti kọ sílẹ̀. Inú mi kò dùn sí i, ṣùgbọ́n mo rò pé wọ́n jàre.

Nítorí náà, nígbà tí láíbìrì náà rí “Owó ọkọ̀” tí òpó rẹ̀ kò gbà ju lẹ́tà méje lọ, ó ka àga mẹ́jọ, ó sì gé ọ̀kan tí ó kẹ́yìn sọnù. Àga tí ó kẹ́yìn ni àmì ohùn jókòó sí. Bí ẹ bá fún un ní ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ pé kí ó fi wọ́n sí òpó lẹ́tà mẹ́ta, ọkọ ni yóò dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà. Ọkọ́ àgbẹ̀ di ọkọ ìyàwó, mọ́tò pàápàá di ọkọ ìyàwó.

Mo lè tún un ṣe nínú ètò Àǹtí nìkan kí n sì sùn. Ṣùgbọ́n láíbìrì náà wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn púpọ̀ tí n kò mọ̀, kóòdù rẹ̀ sì wà níta gbangba. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà mi, mo ka ìwé tí àwọn olùtọ́jú rẹ̀ kọ fún àlejò tí ó bá fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, mo sì sáré àwọn ìdánwò tí mo bá níbẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Kí ni ìdánwò? Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọjà. Ẹni tí ó bá ra apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan tí kò dà á wò, òkè rẹ̀ nìkan ni ó rí. Èyí tí ó pọ́n dáradára ni ó sì máa ń wà lókè. Aláta tí ó gbọ́n yóò dà á títí dé ìdí. Ìdánwò kọ̀ǹpútà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìlà kóòdù kan ni, tí ó ń wí pé, “Bí mo bá fún ọ ní èyí, dandan ni kí o fún mi ní ìyẹn.” Bí ìdáhùn bá tọ̀nà, yóò hàn ní àwọ̀ ewé, bí kò bá tọ̀nà, yóò pupa. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tí ó wà níbẹ̀ ni pé aláta yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ da tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Ṣùgbọ́n ìdánwò, bí o bá ti kọ ọ́ tán, ẹ̀rọ ni yóò máa da apẹ̀rẹ̀ náà nígbàkúùgbà tí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan kóòdù, lọ́sàn-án àti lóru, ìbáà jẹ́ pé ìwọ ti gbàgbé pé o kọ ọ́.

Gbogbo ìdánwò tí mo bá níbẹ̀ ni ó jẹ́ àwọ̀ ewé. Mo kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí rántí Faransé. Wọ́n rántí Jámánì. Wọ́n rántí lẹ́tà Ṣáínà tí ọ̀kan ń gba àyè méjì. Wọ́n tilẹ̀ rántí Vietnam, tí àmì rẹ̀ pọ̀ ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo lẹ́tà Vietnam, títí dé èyí tí ó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, ni ó ní àga tirẹ̀, nítorí náà ìdánwò Vietnam kò lè fi àrùn Yorùbá hàn láéláé. Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé kò sí ẹni tí ó kórìíra wa. Ẹjọ́ ni wọ́n dá láìsí ẹlẹ́rìí wa níbẹ̀, àwa ni a kò sì rán ẹlẹ́rìí lọ.

Mo kọ ìdánwò kí n tó kọ àtúnṣe. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ni mo fi ṣe àkọ́kọ́: mo ní bí a bá fi wọ́n sí òpó lẹ́tà mẹ́ta, kí wọ́n jáde ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìkejì ni Ìkòsì àti Kòsọ́fẹ́, kí owó tí ó tẹ̀lé wọn bẹ̀rẹ̀ lójú ìlà kan náà. Ìkẹta ni ti ẹni tí ó kọ́kọ́ tẹ àmì òkè kí ó tó tẹ àmì ìsàlẹ̀, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ ti ẹlòmíràn lójú ènìyàn ṣùgbọ́n tí kò jọ ọ́ lójú ẹ̀rọ. Èyí burú ju bí ẹ ti rò lọ, nítorí pé ó lè sọ oníbàárà kan di méjì, kí ó sì pín gbèsè rẹ̀ sí ọ̀nà méjì. Unicode ní òfin fún ìyẹn: àmì ìsàlẹ̀ ni yóò máa ṣáájú, àmì òkè yóò tẹ̀lé e, bí ó ti wù kí ẹni tí ń tẹ̀wé tẹ̀ wọ́n. Mo sáré ìdánwò mi. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pupa. Lẹ́yìn náà ni mo tó kọ àtúnṣe, kí láíbìrì máa ka lẹ́tà pọ̀ mọ́ àmì tí ó bá gùn ún gẹ́gẹ́ bí ohun kan ṣoṣo. Àtúnṣe náà kò gùn rárá; àwọn ìdánwò gùn jù ú lọ. Mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ó tẹ̀lé e, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ní àárín ìgbà yìí ni Àǹtí bi mí pé èló ni wọn yóò san fún mi. Mo ní wọn kò san nǹkankan, ọ̀fẹ́ ni. Ó wò mí títí. “Ọ̀fẹ́ kẹ̀? Ìwọ tí ó ń gbé Kòsọ́fẹ́!” Àwàdà tí gbogbo wa ń fi orúkọ àdúgbò wa ṣe ni, bí ẹni pé ohun tí orúkọ náà ń wí ni pé kò sí ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Àwọn kan máa ń fi iṣẹ́ yìí wé àáró. Èmi kò gbà. Nínú àáró, bí a bá ro oko tìrẹ lónìí, tèmi ni ó kàn lọ́la. Níhìn-ín, ilé iṣẹ́ olówó ńlá lè lo iṣẹ́ rẹ fún ọdún mẹ́wàá láìmọ̀ pé a bí ọ. Ó jọ ọ̀wẹ̀ ju àáró lọ, ọ̀wẹ̀ tí olóko kò tilẹ̀ fi ẹ̀kọ tútù ránṣẹ́ sí àwọn tí ó bá a ṣe é. Ẹni tí ó wà ní Kétu, tí ń ra dátà, tí ń ra epo jẹnẹrétọ̀ ní iye tí a ń rà á láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tirẹ̀ wọ́n ju ti ẹni tí iná kì í kú mọ́ lórí lọ. Mo sọ èyí nítorí pé àwọn tí ń wàásù open source fún àwọn ọ̀dọ́ kì í sábà sọ ọ́. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn wa ń ṣe é. Láti ọdún 2018 ni Samson Goddy àti Ada Nduka Oyom ti dá Open Source Community Africa sílẹ̀, tí wọ́n sì ṣe àjọ̀dún rẹ̀ ní Èkó ní 2020. Ìwé atúmọ̀ orúkọ Yorùbá tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kóòdù rẹ̀ wà níta fún ẹni tí ó bá fẹ́ kà á.

Nígbà tí olùtọ́jú kan dáhùn níkẹyìn láti Jámánì, ìbéèrè ni ó fi ránṣẹ́. Ó fẹ́ mọ ìdí tí a kò kàn fi ní kí ẹ̀rọ kó lẹ́tà àti àmì pọ̀ sí àga kan, bí ó ti ń ṣe fún Faransé. Mo ṣàlàyé pé kò sí àga tí a lè kó wọn sí. Kò gbà mí gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó lọ dán an wò fúnra rẹ̀, ó sì padà wá ní ọjọ́ kejì pé òótọ́ ni. Lẹ́yìn náà ó ní kí n yọ ìlà kan kúrò, kí n fi àlàyé kún òmíràn, kí n sì sọ ohun tí ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta túmọ̀ sí, kí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá lè mọ ìdí tí wọn kò fi gbọdọ̀ di ọ̀kan. Mo kọ ọ́ síbẹ̀: ọkọ ìyàwó, ọkọ́ àgbẹ̀, ọkọ̀ tí a ń wọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní ìyà ni ọkùnrin náà fi ń jẹ mí. Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Andres Freund, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Microsoft, ṣàkíyèsí pé wíwọlé sínú ẹ̀rọ kan ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Ó tọpa rẹ̀ títí, ó sì bá a nínú láíbìrì kan tí ń jẹ́ XZ. Ẹnì kan tí ó ń pe ara rẹ̀ ní Jia Tan ti fi ohun tí ó ju ọdún méjì lọ ṣe ọmọlúàbí níbẹ̀, ó ń fi kóòdù ṣe ìrànlọ́wọ́, títí wọ́n fi fi í ṣe olùtọ́jú. Ó wá dá ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé sínú rẹ̀. Níbo ni ó kó ohun ìjà rẹ̀ pamọ́ sí? Inú fáìlì ìdánwò, níbi tí ojú kì í sábà dé. Nígbà tí èmi, àlejò tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí, gbé fáìlì ìdánwò dé láti Èkó, tí ó kún fún ọ̀rọ̀ tí olùtọ́jú kò lè kà, kí ni ó yẹ kí ó ṣe? Kí ó dà á dé ìdí apẹ̀rẹ̀ ni. Èmi ìbá fi ojú tín-ínrín wò ó bí ó bá gbà á kíá.

Wọ́n gbà á ní ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn náà. Àǹtí rí owó ọkọ̀ rẹ̀ gbà padà, Ìyá Kòsọ́fẹ́ sì bọ́ sí òpó rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ yẹn ni inú mi dùn jù. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ẹlòmíràn tí n kò mọ̀ rí mú kóòdù tuntun wá tí yóò mú kí láíbìrì náà yára sí i. Kóòdù rẹ̀ dára, ó sì yára ní tòótọ́. Ó fi í ránṣẹ́ ní òru tí èmi ń sùn, tí iná kò sí ní gbogbo Kétu. Ẹ̀rọ sáré gbogbo ìdánwò: Faransé jẹ́ àwọ̀ ewé, Jámánì jẹ́ àwọ̀ ewé, Vietnam àti Ṣáínà bákan náà. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ pupa. Nígbà tí mo jí, mo bá ọ̀rọ̀ tí ó kọ sílẹ̀ fún olùtọ́jú: ó ní òun rí i pé òun ti sọ mọ́tò di ọkọ ìyàwó, kí wọ́n dúró de òun. Kí n tó fọ ẹnu tán ó ti tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ẹnikẹ́ni kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi.

Iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ mi báyìí ni ti gb. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé lẹ́tà kan ni, pé gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó fi g nìkan bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ tán kí ti gb tó bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé atúmọ̀. Unicode ní ìlànà títò ọ̀rọ̀ tí ó mọ èyí fún Yorùbá. Láíbìrì mìíràn tí mo fẹ́ lò kò mọ̀ ọ́n, ó ń to gbèsè ṣáájú gèlè. Mo ti kọ ìdánwò méjì fún un ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Pupa ni àwọn méjèèjì ṣì wà.